Ojú Àmúdàtù Lára Ògiri Èkó

Ẹgbẹ́ ni èmi àti Àmúdàtù. Àwo àti ife ni mo ń tà ní Ìta Fájì nígbà náà, òun ń ta ohun ìránṣọ: òwú, bọ́tìnnì, sípù, rọ́bà ìdí ṣòkòtò, abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Pákó ni wọ́n fi pín ìsọ̀ wa. Bí òjò bá ṣú tí ọ̀kan nínú wa ò sí nítòsí, èkejì ni yóò bá a fi tapólì bo ọjà. Ìyá Ganiat ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní Ìyá Ṣéhù. Ìgbà tó bá bínú sí mi nìkan ló máa ń pè mí ní Àlímọ̀t.

Obìnrin tí kì í pariwo ni. Bí àwọn télọ̀ bá ń bú ara wọn níwájú ìsọ̀ rẹ̀, yóò kàn máa ká òwú rẹ̀ lọ ni, bí ẹni pé kò gbọ́. Ìsàlẹ̀ Gángan ló ti ń gbé, ní agboolé ọkọ rẹ̀. Ṣàíbù lorúkọ ọkọ náà, akọ̀wé ni ní èbúté Àpápá, ó sì níyì láàrin àwọn ará ilé rẹ̀ torí pé òun ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Ọmọ tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wọn kò ju ẹyọ kan lọ, Ganiat. Àwọn tó bí ṣáájú rẹ̀ kò dúró. Ganiat ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jíbrílù, láti ìdílé àlùfáà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, sì ti wá tọrọ rẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ wá, a ti mọ̀ wọ́n. Ó ku ọjọ́ tí wọn yóò so yìgì.

Ọdún kejì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyá àti ọmọ rán aṣọ kan náà fún Iléyá, Ganiat sì ní dandan, àwọn gbọ́dọ̀ ya fótò. Àmúdàtù kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní fótò tí òun yà nígbà tí òun ṣègbéyàwó ti tó. Ganiat bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Èmi náà tẹ̀ lé wọn lọ sọ́dọ̀ Dáfídì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ní ilé fótò ní òdìkejì òpópónà wa. Bí àbúrò ni Dáfídì jẹ́ sí wa, ọmọlúwàbí èèyàn tó mọ gbogbo wa lórúkọ. Ó ya ìyá àtọmọ pa pọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí Ganiat bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, “Ìyá Ganiat, ẹ jẹ́ kí n ya ẹ̀yin nìkan. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ fọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín.”

Àmúdàtù ní òun kò lè rẹ́rìn-ín síwájú irin. Ganiat bá dúró sẹ́yìn Dáfídì, ó ń ṣe bí Dáfídì ti ń ṣe, ó wúkọ́ bí i tirẹ̀, ó dijú kan bí i tirẹ̀. Ni Àmúdàtù bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Dáfídì mú.

Nígbà tí a lọ gba àwọn fótò náà, ti Àmúdàtù nìkan dára ju gbogbo wọn lọ. Ojú rẹ̀ ń dán, ó dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹrù wúwo kúrò lórí rẹ̀. Dáfídì ní òun fẹ́ tẹ ọ̀kan ńlá kí òun fi sínú dígí iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Àmúdàtù bi í pé, “Ṣé inú dígí yìí náà ni?”

“Inú dígí yìí náà ni. Ẹ ó máa rí i láti ìsọ̀ yín.”

Ó gbà. Inú rẹ̀ dùn sí i pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣe bí ẹni tí kò kà á sí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Òjò ti ń dá díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn. Mo lọ kó àwo ní Ìdúmọ̀tà, bí mo ti ń bá alábàárù dúnàádúrà, mo gbójú sókè, mo rí Ìyá Ganiat lára ògiri. Ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo rò pé wọ́n ń polówó aṣọ tàbí ọṣẹ ni. Mo wá ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

“ÀTỌ̀SÍ FẸ́RẸ̀Ẹ́ PA MÍ, KÁPÚSÙ ÌTURA LÓ GBÀ MÍ. Mo fi àrùn náà pa mọ́ fún ọkọ mi. Mo lo oògùn onílé, mo lo ti òyìnbó, pàbó ló já sí. Ní báyìí, ara mi ti dá ṣáṣá.” Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ “Ìyáàfin A., Èkó” sí.

Alábàárù ń pè mí, n kò gbọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń padà bọ̀, mo rí òmíràn, mo tún rí òmíràn, lára òpó iná, lára ilẹ̀kùn ilé onígi, lẹ́yìn ọkọ̀ tí ń kó yanrìn.

Mo rò pé èmi ni n ó sọ fún un, mo sì ń ronú bí n ó ti sọ ọ́ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún un kí n tó dé. Télọ̀ kan ló wá ra sípù, ó ní, “Ìyá Ganiat, ẹ kú ewu o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ara ó yá porogodo.” Àmúdàtù bi í pé ewu kí ni. Télọ̀ náà rò pé ó ń tijú ni, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Ẹlòmíràn ló wá mú un lọ síbi tí ọ̀kan wà ní igun Ìta Fájì. Nígbà tí mo dé, ó jókòó láàrin àwọn òwú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Kò sunkún.

Ó ní, “Ìyá Ṣéhù, ka èyí tó wà nísàlẹ̀ fún mi dáadáa. Ṣé A ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́?”

Mo ní A ni.

A jọ kọjá sọ́dọ̀ Dáfídì. Bó ti rí wa, ó dìde kúrò nídìí iṣẹ́.

Àmúdàtù ní, “Dáfídì, ta lo fi àwòrán mi fún?”

“Ìyá Ganiat, ẹ jókòó ná.”

“N kò jókòó.”

 Dáfídì ní ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ oògùn ló ń kọjá, tó rí fótò náà nínú dígí, tó ní irú ojú obìnrin tí àwọn ń wá nìyẹn. Kálẹ́ńdà ló ní àwọn fẹ́ fi ṣe. Ó ra nẹ́gẹ́tíìfù, fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fótò, ó sì béèrè orúkọ ẹni inú rẹ̀, Dáfídì sì sọ fún un.

“O ò sì béèrè lọ́wọ́ mi.”

“Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n gbé e sínú dígí.”

“Inú dígí! Mo ní kí o gbé e sínú dígí. Ṣé mo ní kí o gbé mi tà ni?”

Dáfídì wo ilẹ̀. “Ẹ má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n bébà tí mo tẹ̀ fún yín lẹ sanwó fún. Nẹ́gẹ́tíìfù, ti ẹni tó ya fótò ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwa tó ń ya fótò ní Èkó ṣe ń ṣe é.”

“Ojú tó wà nínú nẹ́gẹ́tíìfù ńkọ́? Ta ló ni ín?”

 Dáfídì yọ fótò ńlá náà kúrò nínú dígí, ó fi lé e lọ́wọ́, bí ẹni pé ìyẹn yóò tún nǹkan ṣe. Àmúdàtù kò gbà á. A jáde, a fi í sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú fótò lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a lọ sí ilé iṣẹ́ oògùn náà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, lẹ́bàá Marina, ilé tó tutù tó fi jẹ́ pé mo fi gèlè bo èjìká. Wọ́n ní kí a dúró, a sì dúró títí ẹsẹ̀ fi wú mi. Nígbà tí mánéjà jáde síta láti lọ jẹun, ó rí Àmúdàtù, ó dúró lójijì. Ó wo pósítà tó wà lára ògiri ọ́fíìsì, ó tún wo Àmúdàtù. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i.

“Hàáà! Màdáàmù wa! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ẹ wo bí oògùn ti ń tà nítorí ojú yín!”

Àmúdàtù kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní, “Mo fẹ́ kí ẹ yọ ọ́ kúrò. N kò ṣàìsàn. N kò lo oògùn yín rí. N kò sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ síbẹ̀.”

Ẹ̀rín kúrò lójú mánéjà. Ó jókòó. Láti ìgbà náà lọ, ohùn ọ́fíìsì ló fi bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ òun kò jí nǹkan kan. Wọ́n ra fótò lọ́wọ́ ẹni tó yà á, ó sì buwọ́ lùwé.

“Ẹ kò rà mí,” Àmúdàtù wí.

“Màdáàmù, ta ló dárúkọ yín? A kàn kọ A ni. Ṣé ẹ̀yin nìkan ni A tó wà ní gbogbo Èkó?”

“Ojú mi ńkọ́?”

“Ojú jọ ojú, màdáàmù.” Ó pe akọ̀wé rẹ̀ pé kó gbé páálí oògùn kan wá fún wa. Ó ní a lè máa tà á ní ìsọ̀ wa, kí a má bàa sọ pé àwọn kò mọ oore. Ó ní bó bá di ọdún tó ń bọ̀, àwọn yóò tẹ pósítà tuntun, ó ṣeé ṣe kí àwọn lo ojú ẹlòmíràn.

Páálí náà wà lórí tábìlì nígbà tí a jáde.   A fẹsẹ̀ rìn padà sí ìsọ̀.

Àmúdàtù ń retí ohun tí Ṣàíbù yóò sọ. Wọ́n pe ìpàdé ní agboolé ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ẹ̀gbọ́n Ṣàíbù àgbà ló pè é, wọ́n sì ránṣẹ́ sí mi láti wá jẹ́rìí, torí pé mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya fótò. Mo sọ ohun tí mo mọ̀. Ṣàíbù dìde láàrin àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní, “Mo mọ ìyàwó mi. Ẹni tó bá ní ohun mìíràn láti sọ, kó wá sọ ọ́ lójú mi.” Wọ́n tú ìpàdé ká. Bí a ti ń jáde, Àmúdàtù di ọwọ́ mi mú ṣinṣin. Láti ọjọ́ tí pósítà ti jáde, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

Àwọn àna, ìdílé Jíbrílù, wá ní ọjọ́ Àìkú. Wọn kò mu omi tí a gbé fún wọn. Bàbá àgbà kan ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní àwọn kò gba ohun tí ògiri sọ gbọ́ o. Ó ní àwọn mọ̀ pé ayé ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìdílé àlùfáà ni àwọn, àwọn èèyàn ń kírun lẹ́yìn àwọn, wọ́n sì ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ní mọ́ṣáláṣí. Ó ní kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìgì ṣì sinmi ná. Gbogbo wa la mọ ohun tí “ṣì sinmi ná” túmọ̀ sí. Jíbrílù kò bá wọn wá. Kò tún wá mọ́.

 Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ganiat kọjú sí ìyá rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ jókòó síwájú kámẹ́rà. Ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ ní kó gbé yín sínú dígí kí gbogbo ayé lè máa wò yín!”

Mo la ẹnu láti rán an létí ẹni tó bẹ ìyá rẹ̀ dé ibẹ̀, àti ẹni tó pa á lẹ́rìn-ín. Àmúdàtù mi orí sí mi. N kò sọ ọ́. Òun náà kò sọ ọ́ títí di òní olónìí.

Ẹnì kan júwe Lọ́yà Adéyẹmí fún wa. Àgbàlagbà ni, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìjá lu ọ̀rọ̀ wa. Àmúdàtù ní ohun kan ni òun fẹ́ mọ̀. Òfin wo ló ní kí ọlọ́jà má gbé ojú oníbàárà rẹ̀ tà?

Lọ́yà ní, “N kò ní í tàn yín jẹ, ìyá. N kò mọ òfin kankan tó sọ bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Bí ẹnì kan bá gbé àgbò yín tà, olè ni, ọlọ́pàá yóò mú un. Bó bá gbé ojú yín tà, òwò ni.”

Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. A lè pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọ́n bà á lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kó mọ bí yóò ti rí. Lọ́yà ilé iṣẹ́ yóò ní kó fi hàn pé òun kò ní àtọ̀sí rí. Dókítà yóò wá sọ ohun tó bá nínú ara rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Wọn yóò bi í léèrè iye ọkùnrin tó mọ̀, wọn yóò bi ọkọ rẹ̀ náà léèrè. Àwọn oníwèé ìròyìn yóò máa kọ ọ́. Ẹjọ́ náà sì lè gba ọdún púpọ̀.

“Ìyẹn ni pé,” Àmúdàtù wí, “kí n tó gba aṣọ mi padà, n ó kọ́kọ́ bọ́ra sí ìhòòhò ní kóòtù.”

 Lọ́yà kò gba owó kankan lọ́wọ́ wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé agboolé, ẹ̀gbọ́n Ṣàíbù ní kò sẹ́ni tí yóò gbé orúkọ ìdílé àwọn lọ sí kóòtù nítorí àrùn abẹ́. Ṣàíbù wo ilẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Àmúdàtù ń fọ aṣọ ọkọ rẹ̀. Ó máa ń yẹ àpò wò kó tó rẹ aṣọ sómi, torí pé Ṣàíbù máa ń gbàgbé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ sínú rẹ̀. Ohun tó fà yọ nínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ ni pákẹ́ẹ̀tì kékeré kan. Ojú tirẹ̀ ló wà lára rẹ̀, kékeré bí èékánná àtàǹpàkò, ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ̀rín lẹ́nu. Ó ṣí i. Nínú àwọn kápúsù pupa àti yẹ́lò tó yẹ kó wà níbẹ̀, díẹ̀ ló kù.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bí ó ti rí fún mi, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ní ìsọ̀. Ó ní òun dúró títí Ṣàíbù fi ti ibi iṣẹ́ dé, òun sì gbé pákẹ́ẹ̀tì náà síwájú rẹ̀ dípò oúnjẹ.

“Bàbá Ganiat, kí nìyí?”

 Ṣàíbù ní, “Níbi iṣẹ́, wọn ò jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá tọ́wọ́ bọ omi mímu, wọn a gbé ife wọn kúrò. Mo ní kí n kàn lò ó ni, kí ọkàn mi lè balẹ̀.”

“Ẹ ní ẹ mọ̀ mí. Níwájú àwọn èèyàn yín, ẹ dìde, ẹ ní ẹ mọ̀ mí.”

“Mo mọ̀ ẹ́.”

“Ẹ sì lò ó.”

“Mo lò ó.”

Nígbà tí Àmúdàtù parí ọ̀rọ̀ náà, ó mú òwú dúdú kan, ó ń tú u, ó ń tún un ká. Ó ní, “Àwọn ará ìta ò mọ̀ mí, mo lè fara dà á. Ìyá Ṣéhù, ó ra ojú mi lọ́jà, ó sì gbé e jẹ.”

Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa pósítà ya. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Bí ó bá ti kírun àsùbáà tán, yóò gbé báàfù omi kékeré àti ọ̀bẹ eléèkù igi, yóò máa rẹ bébà náà, yóò máa ha á kúrò. Nígbà tí mo gbọ́, mo tẹ̀ lé e. A ha ti Ìta Fájì tán, a ha ti Ìsàlẹ̀ Gángan. Bí a bá ti ha á, àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ yóò tún lẹ òmíràn mọ́ ọn, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á ṣì tutù. Mo ní kó jẹ́ kí a fi sílẹ̀. Ó ní kí n lọ sùn bó bá rẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, ara ọmọ mi kò yá, n kò bá a lọ. Ìdúmọ̀tà ló wà. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere, àwọn ọlọ́jà ti ń tẹ́ àtẹ. Ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ oògùn àti sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan ló ká a mọ́bẹ̀. Nígbà tí mo dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó ṣì di ọ̀bẹ rẹ̀ mú, wọn ò tíì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jọ pé wọ́n ń tijú láti gbà á.

Sájẹ́ǹtì ní, “Màdáàmù, ohun ìní ilé iṣẹ́ lẹ bàjẹ́. Wọ́n sanwó fún pósítà, wọ́n sanwó fún ògiri.”

“Ojú mi ńkọ́?”

“Ojú yín wà lójú yín. Kò sẹ́ni tó gbé e lọ.” Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀. Bó ti yé e nìyẹn.

Wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́. Adájọ́ náà bi í bóyá òun ló fa pósítà ya. Ó ní òun ni. Ó bi í pé kí ló dé. Àmúdàtù sọ gbogbo rẹ̀, láti orí dígí Dáfídì dé orí kápúsù inú àpò, láìgbé ohùn sókè.  Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní àánú rẹ̀ ṣe òun. Ó ní ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó wà níwájú òun ni ti ohun ìní tí a bàjẹ́, ẹni tó bà á jẹ́ sì ti gbà pé òun ni. Ó ní kó san owó ìtanràn, kó sì má ṣe fọwọ́ kan pósítà ilé iṣẹ́ náà mọ́. Ṣàíbù ló san án. 

Oníwèé ìròyìn kan wà ní ẹnu ọ̀nà kóòtù. A kò mọ̀ ọ́n. Ó ya fótò Àmúdàtù bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, lójú gbogbo wa, kò béèrè. Lọ́jọ́ kejì ó wà nínú ìwé ìròyìn: “Obìnrin inú pósítà àtọ̀sí dé kóòtù.” Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pátá, ti bàbá rẹ̀, ti ọkọ rẹ̀, àti àdúgbò tó ń gbé. Àwọn tí kò tíì mọ ẹni tí A jẹ́ wá mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá láti Òkè Arìn, wọ́n wá láti Ọbaléńdé, wọ́n á ṣe bí ẹni fẹ́ ra bọ́tìnnì, wọ́n á wo ojú rẹ̀ dáadáa, wọ́n á sì lọ láìrà.

Ní agboolé, wọ́n ní ó ti sọ orúkọ àwọn di ẹ̀sín. Kò sẹ́ni tó lé e. Ó kó ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìta Fájì, sínú yàrá tó ti gbé nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́. Ṣàíbù máa ń wá kí i lọ́jọ́ Jímọ̀, yóò jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn a bi ara wọn léèrè àlàáfíà, yóò sì dìde. Kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé ì bá sàn fún un ká ní ó kọ̀ ọ́.

Ilé iṣẹ́ oògùn náà kò jìyà kankan. Nígbà tó yá, wọ́n dẹ́kun pípolówó kápúsù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti oògùn ikọ́, ojú ọmọdé kan ni wọ́n lò. N kò mọ ẹni tó bí ọmọ náà, n kò sì mọ̀ bóyá wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Dáfídì kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó tóbi jù ní Yábàá. Ó wá dágbére fún wa. Àmúdàtù dá a lóhùn, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ibẹ̀ tura.

Ganiat ní kí wọ́n gbé òun kúrò ní Èkó, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwé kan ní Abẹ́òkúta. Ìwé tó ń kọ wálé kò pọ̀. Ọdún díẹ̀ kọjá kí ó tó wá fúnra rẹ̀, ní ọ̀sán kan, ó jókòó sórí àpótí níwájú ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ti sanra díẹ̀, ó rẹwà. Ó ní òun ti rí ọkọ, olùkọ́ bíi tòun ni, Mọ̀núrù lorúkọ rẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ jẹ́ onísùúrù. Inú èmi àti ìyá rẹ̀ dùn, a ń bi í léèrè eléyìí, a ń bi í léèrè tọ̀hún. Ó jọ pé ó ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu tí kò lè sọ.

Ìyá rẹ̀ ní, “Sọ ọ́.”

“Mo ti sọ fún wọn pé Àǹtí Hàwáwù ni ìyá mi.”

Àbúrò Àmúdàtù ni Hàwáwù, ó ń gbé ní Muṣin. 

“Ìyá ọkọ mi gbé Èkó rí,” Ganiat wí. Omi ti ń dà lójú rẹ̀. “Ọdún yẹn gan-an ló gbé ibẹ̀. Bó bá rí yín, á mọ̀ yín. Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò tún lè bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ mọ́.”

Mo dìde, mo fẹ́ sọ ohun tó wà nínú mi fún ọmọ náà. Àmúdàtù di aṣọ mi mú, ó fà mí jókòó.

Ó bi Ganiat pé, “Ṣé Hàwáwù ti gbà?”

“Wọ́n ní àfi bí ẹ bá ní kí àwọn ṣe é.”

“Sọ fún un pé mo ní kó ṣe é. Sọ fún un pé kó má sọ̀rọ̀ jù. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.” Ó fa dúróà, ó yọ sípù funfun àti òwú tó dára jù nínú ọjà rẹ̀, ó dì wọ́n fún un. “Fi èyí rán aṣọ ìyàwó. Àwọn tó wà lóde báyìí kì í pẹ́ já.”

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n so yìgì náà ní Abẹ́òkúta. Ṣàíbù lọ, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ojú tirẹ̀. Mo ní n kò ní í lọ, mo sì tẹ́ àwo mi bí mo ti ń ṣe. Àmúdàtù náà tẹ́ ọjà rẹ̀. Ó wọ aṣọ àwọ̀ ewé, ó lé tìróò. Àwọn télọ̀ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọjà sì tà fún un. Nígbà tí oòrùn yí, ọ̀kan nínú wọn tó ti mọ̀ ọ́n látijọ́ dúró, ó ń yan bọ́tìnnì.

Ó ní, “Ìyá Ganiat, wọ́n ní ẹ ń ṣe ìyàwó lónìí. Kí lẹ wá ń ṣe lọ́jà?”

“Kì í ṣe tiwa,” Àmúdàtù wí. “Ti ọmọ àbúrò mi ni. Èyí tó ní ojú mẹ́rin lẹ fẹ́, àbí èyí tó ní ojú méjì?”

Ó fẹ́ èyí tó ní ojú mẹ́rin. Àmúdàtù kà á sí i lọ́wọ́, ó sì yí sí ẹni tó kàn.